RỌ́BÀ, Ọ̀PÁ ÀTI AGBÁRA ARA WA

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí agbára ara, àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ nínú ilé wa láìná owó púpọ̀. Ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó mú wa kọ ọ́.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì àgbà wa ní Baṣọ̀run. Epo pupa ni wọ́n ń tà. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ìwé wọn máa ń mọ́ tónítóní, wọn kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú pátákó, wọn kì í dìde. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwa tí a ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọdún púpọ̀, a mọ ọ̀lẹ, a sì mọ ẹni tí ń bẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì. A rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a sọ̀rọ̀ sí wọn lójú gbogbo ènìyàn. A ní, "Ìyá, bí ẹ kò bá wá kọ ọ́, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n kọ láé."

Ìyá wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ni mò ń bẹ̀rù. Bẹ́ǹṣì yìí ni. Ó kúrú jù. Bí mo bá ti jókòó sí i, àfi kí ẹnì kan fà mí dìde. Ojú sì ń tì mí."

Kíláàsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ojú ti àwa náà, nítorí ó yẹ kí a ti béèrè kí a tó sọ̀rọ̀. A bẹ ìyá, wọ́n sì gbà. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi àwọn oníṣègùn àti àwọn tí ń kọ́ni ní eré ìdárayá léèrè ọ̀rọ̀, tí a sì ń gbìyànjú rẹ̀ wò ní ara tiwa. Ohun tí a rí ni a kọ sí ìhín.

IBI TÍ AGBÁRA Ń GBÀ LỌ

Ẹran tí ó bo egungun wa, tí a ń pè ní iṣan, ni ó ń gbé wa dìde. Òun ni ó ń gbé ẹrù. Òun ni kì í jẹ́ kí a ṣubú bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ẹran yìí ti ń dínkù, bí a kò bá fún un ní iṣẹ́ tí ó tó. Àwọn oníṣègùn ṣírò pé láàárín ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ. Bí a bá kọjá ọgọ́ta ọdún, ó ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi owó wé e. Bí ẹnì kan bá ní ọgọ́rùn-ún náírà nínú àpò, tí náírà márùn-ún ń jábọ́ níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò ní tètè mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá fẹ́ ra nǹkan ni yóò mọ̀.

Àmì àkọ́kọ́ kì í ṣe ìrora. Ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún kí ó tó lè dìde. Yóò máa di ìlẹ̀kùn Micra mú ṣinṣin kí ó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Garawa omi tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀, yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ. Yóò ní, "Ọjọ́ orí ni." Lóòótọ́, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Nígbà tí ó bá yá, ẹsẹ̀ yóò yọ̀ ní ilé ìwẹ̀, kò sì ní sí agbára tí yóò fi mú ara dúró. Bí egungun ìbàdí bá kán lára àgbàlagbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹlòmíràn kò ní lè rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣé agbára tí ó ti lọ lè padà? Ó lè padà. Ní ọdún 1990, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìdánwò kan jáde. Wọ́n mú àgbàlagbà mẹ́wàá ní ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án parí rẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àádọ́rùn-ún ọdún! Ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó ń wí pé òun ti dàgbà jù, kí ó tún ìpínrọ̀ yìí kà.

ṢÉ IṢẸ́ TÍ A Ń ṢE KÒ TÓ?

Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì, ọkùnrin kan tí ń ṣe alágbàáṣe lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹni tí ó ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ tún ní kí ó wá máa fa rọ́bà, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè rẹ̀ dára. Èsì wa ni pé ara kì í fi kún agbára rẹ̀ àfi bí a bá béèrè ohun tí ó ju ti àná lọ. Ẹni tí ó ti ń ru búlọ́ọ̀kù kan náà fún ọdún mẹ́wàá, ara rẹ̀ ti mọ búlọ́ọ̀kù náà. Agbára tí ó tó fún búlọ́ọ̀kù ni ara náà ní, kò ní wá òmíràn kún un. Èkejì ni pé iṣẹ́ máa ń lo apá kan, á sì fi apá kan sílẹ̀. Ẹni tí ń ru ẹrù ń lo ọrùn àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fa nǹkan sí àyà. Télọ̀ tẹ orí ba mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lọ́dọọdún. Ìyá tí ń tajà jókòó ti igbá láti òwúrọ̀. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń gún iyán, tí wọ́n ń gún èlùbọ́, tí wọ́n sì ń pọn omi láti odò, iṣẹ́ ilé tó nǹkan. Nísinsìnyí ẹ̀rọ ń lọ ata, ẹ̀rọ ń lọ èlùbọ́, ẹlòmíràn sì ní omi ẹ̀rọ nínú ọgbà. A kò bú ẹ̀rọ o. Ó gba ìyà lọ́wọ́ wa, ó sì gba díẹ̀ nínú agbára wa mọ́ ọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2020. Wọ́n ní kí gbogbo àgbà máa ṣe eré tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65, kí ó máa ṣe èyí tí ó pa agbára àti ìdúró ẹsẹ̀ pọ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rí i pé wọn kò wí pé lójoojúmọ́. Ara ń fẹ́ ọjọ́ ìsinmi láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Alágbàáṣe wa ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, fífà rọ́bà nìkan ni ó sì ń ṣe. Ó tó fún un.

Ẹ KỌ́KỌ́ WỌN ARA YÍN

Ẹ gbé àga tí kò ní ìgbọ́wọ́lé, tí gíga rẹ̀ tó orúnkún, ti ara ògiri kí ó má baà yí. Ẹ jókòó sí àárín rẹ̀. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Kí ẹnì kan máa wo aago. Láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ lè dìde dúró ṣánṣán kí ẹ sì tún jókòó? Bí ẹ bá fi ọwọ́ ti ara yín, òdo ni a ó kọ fún yín.

Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ń lo ìdánwò yìí. Obìnrin ọdún 60 sí 64 tí kò bá pé 12, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún ọkùnrin ọjọ́ orí kan náà, 14 ni. Fún ọdún 70 sí 74, obìnrin 10, ọkùnrin 12. Ìyá elépo ṣe 4. Àwa tí a ń kọ́ni ṣe 13, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì pé ọgọ́ta. A kò sọ ọ́ fún kíláàsì ní ọjọ́ náà.

RỌ́BÀ

Àwọn tí ń ta ohun èlò eré ìdárayá ń ta rọ́bà gígùn tí a ń fà. Oríṣiríṣi àwọ̀ ni, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe le tó, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí ó le ní ilé iṣẹ́ kan lè má le ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ fà á wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀, kí ó lọ bá ẹni tí ń lẹ táyà, kí ó tọrọ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí a ti jù sílẹ̀. Ẹ gé ibi tí a ti ń fún afẹ́fẹ́ kúrò, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó tó.

Rọ́bà àti irin kò jọra. Irin ní ìwọ̀n kan, ilẹ̀ ni ó sì máa ń fà sí nígbà gbogbo. Rọ́bà ní tirẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń fà á ni ó ń le sí i, ibi tí ẹ so ó mọ́ ni ó sì ń fà yín lọ. Nítorí èyí, bí ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan láti ilẹ̀ sókè, ọ̀pá tàbí irin ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ fa nǹkan láti iwájú wá sí àyà, rọ́bà ni. Irin kò lè ṣe ìyẹn fún ẹni tí ó dúró.

Fífà yìí ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà kọ́ òpó tàbí irin ojú fèrèsé tí ó dúró gbọn-in, ní gíga àyà. Ẹ má so ó mọ́ ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan lè ṣí. Ẹ kọjú sí i, ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ sún sẹ́yìn títí rọ́bà yóò fi le díẹ̀. Wàyí, ẹ fa ìgúnpá méjèèjì sẹ́yìn kọjá ìhà, kí eegun ẹ̀yìn èjìká méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ẹ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó padà ní ìrọ̀rùn, bí ẹni ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í jẹ́ kí rọ́bà já ọwọ́ wọn padà, wọ́n rò pé fífà nìkan ni iṣẹ́. Ìdajì iṣẹ́ wà nínú ìpadàbọ̀. Télọ̀ kan nínú kíláàsì wa sọ fún wa pé lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀yìn kò dun òun mọ́ bí òun bá dìde nídìí ẹ̀rọ.

Bí a ti ń fà ni a ó máa tì. Ẹ gbé rọ́bà gba ẹ̀yìn kọjá lábẹ́ abíyá, ẹ di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ sì ti ọwọ́ síwájú. Ẹni tí kò ní rọ́bà, kí ó gbé ọwọ́ lé ògiri, kí ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, kí ó máa tẹ ara súnmọ́ ògiri kí ó sì máa tì í padà. Ẹ tún lè tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ kí ẹ máa ká ìgúnpá gòkè. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé ó ń hàn nínú díńgí. Kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò gbé yín dìde lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ kíyè sí rọ́bà. Oòrùn ń bà á jẹ́, epo ọkọ̀ ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ti sán, ẹ jù ú nù. Rọ́bà tí ó já nígbà tí a ń fà á lè gba ojú lọ.

ÌJÓKÒÓ ÀTI ÌDÌDE

Fún ẹsẹ̀, àga ni olùkọ́. Bí ẹ kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ tì í, ẹ fi ìrọ̀rí tàbí aṣọ tí a ká sórí rẹ̀ kí ó lè ga. Bí ó bá rọrùn, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Nígbà tí ẹ bá ń jókòó, ẹ má ṣe já lulẹ̀ bí àpò gààrí. Ẹ sọ ìbàdí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí orúnkún sì dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ. Ọ̀nà tí ìyá elépo gbà nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì. Ọmọ-ọmọ wọn ni ó ń kà á fún wọn.

Ọ̀PÁ, KẸ́GÌ ÀTI IRIN

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin, kí ó kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń tẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá gígùn kan, irú èyí tí a fi ń gbálẹ̀ ní ìdúró. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ní òòró, kí ó kan ìpàkọ́, kí ó kan àárín èjìká, kí ó sì kan ìdí. Wàyí, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Bí ọ̀pá bá kúrò ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta náà, ẹ̀yìn yín ti ká. Ẹ tún un ṣe. Ìgbà tí ẹ bá lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ọ̀pá kò kúrò ni ẹ tó lè gbé nǹkan nílẹ̀.

Irin àkọ́kọ́ wà nínú ilé yín. Ọmọ odó ni. Ẹ dì í mú ní ìbú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ gbé e láti itan sí àyà, láti àyà sókè orí, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí èjìká bá ń dùn, kí ó dúró ní àyà.

Nígbà tí ọmọ odó bá rọrùn, ẹ wá kẹ́gì òróró oní-lítà márùn-ún méjì tí ó ti ṣófo. Ẹ fi okùn so ọ̀kan mọ́ orí ọ̀pá líle kan, ẹ so èkejì mọ́ ìdí rẹ̀, kí okùn má lè yọ̀. Ẹ bu omi sínú wọn. Ìṣirò tí a kọ́ ní oṣù tó kọjá yóò wúlò níbí: lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Bí ẹ bá bu lítà méjì sí ọ̀tún, tí ẹ bu lítà méjì sí òsì, kílò mẹ́rin ni ẹ gbé, láìka ọ̀pá. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ bu ààbọ̀ lítà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró sún mọ́ ọ̀pá náà, ẹ tẹ̀ bí a ti kọ́ yín, kí ọ̀pá máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ bí ó ti ń gòkè.

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ní Ìbàdàn ni ẹ ó ti rí irin tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fúnra wọn: páìpù irin kan, pẹ̀lú agolo ọ̀dà tí wọ́n da sìmẹ́ńtì àti òkúta sí ní orí méjèèjì. Ọgbọ́n dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lítà kan irú àpòpọ̀ yìí tó kílò méjì àti díẹ̀ sí ààbọ̀. Agolo oní-lítà mẹ́rin tí ó kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́wàá. Méjì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún kílò, a kò tíì ka páìpù. Bí ó bá jẹ́ báàkẹ́tì ọ̀dà oní-lítà ogún ni wọ́n lò, ọ̀kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ìwọ̀n yìí kò sì ṣeé dín kù mọ́ nígbà tí ó bá ti gan.

Àwa fúnra wa jìyà irin yìí. Àwọn ọmọkùnrin kan ń gbé e ní ọgbà ibi tí a ń gbé. A kọjá lọ, wọ́n kí wa, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ wá gbà díẹ̀." Wọ́n ń ṣeré ni. Àwa kò ṣeré. A rántí bí a ti máa ń ja gídígbò ní kékeré, a bọ́ agbádá, a sì tẹ̀ mọ́ irin náà láìwọ̀n ọ́n wò. Agolo kan kún ju èkejì lọ. Irin yí sí ọ̀tún, ìbàdí wa yí tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a kò fi lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Ọmọ wa obìnrin ni ó ń so okùn bàtà fún wa, bẹ́ẹ̀ ni a ń lọ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń tọ́jú ara. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú irin yìí, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ìhà kan lẹ́yìn èkejì. Bí ìhà méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ alágbára ní ìlú wa, pápá ìṣeré Liberty ni ọkàn àwọn àgbà ń lọ, èyí tí a ti ń fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè láti 2010. Níbẹ̀, ní 10 Ògọ́ọ̀sì 1963, ni Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, ti bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún adé àgbáyé. Lẹ́yìn ipele keje, Fullmer kò jáde mọ́. Bàbá wa kò yé sọ ìtàn náà títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ní ti irin gbígbé, àwọn tí ó gbé orúkọ wa ga jù ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ní àbùkù. Ní London ní 2012, ní Paralympics, Yakubu Adesokan gba wúrà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ara wọn kò ju kílò 48 lọ. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ọwọ́ ti kílò 180 sókè láti àyà. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti ààbọ̀ nìyẹn, ó sì tún lé! Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gba wúrà nínú ìdíje Tokyo, tí ó wáyé ní 2021, ó tún gbà á ní Paris ní 2024, níbi tí ó ti gbé kílò 167. Ẹ rántí pé àwọn ènìyàn dúró ní ọ̀tún àti ní òsì wọn láti gba irin náà bí ó bá já. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin nínú yàrá ní òun nìkan.

BÍ A Ó TI MÁA FI KÚN UN

Ẹ ṣe ohun kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá, kí ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì tó fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ó ku bí ẹ̀ẹ̀mejì kí agbára tán pátápátá, ẹ dúró níbẹ̀. Bí méjìlá bá ti rọrùn ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra, ẹ fi díẹ̀ kún un: rọ́bà tí ó le díẹ̀ sí i, tàbí ààbọ̀ lítà omi.

Ẹ mí. Bí ẹ bá ń gbé e, ẹ tú èémí jáde. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fa èémí sínú. Ẹni tí ó sé èémí tí ó sì ń fi agbára gbé nǹkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sókè lójijì. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kí ó bi dókítà léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní UCH ní Ìbàdàn níbí, ẹ̀ka kan wà fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tí a ṣí ní 2012, tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jáwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹran ara bá ń ro yín ní ọjọ́ kejì, ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n ìrora tí ń gún oríkèé bí abẹ́rẹ́ kì í ṣe ara eré.

Iṣan kò sì lè dàgbà lórí ẹ̀bà nìkan. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà ni í fi í kọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀wà ni owó ọ̀pọ̀ wa ká, ó sì dára.

Ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù ṣe pàtàkì bíi rọ́bà. Ìrántí ń tan ni jẹ. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ yóò rò pé òun ṣe mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ó jẹ́ mẹ́fà. Ẹ wo ojú ìwé kan láti inú ìwé ìyá elépo. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́:

Ọjọ́ Ajé. Ìdìde: 6, 5. Fífà: 10, 8. Ọmọ odó: 8, 8.
Ọjọ́bọ̀. Ìdìde: 6, 6. Fífà: 10, 10. Ọmọ odó: 9, 8.
Ọjọ́ Ajé. N kò ṣe. Òjò, epo sì dé.
Ọjọ́bọ̀. Ìdìde: 7, 6. Fífà: 10, 10. Ọmọ odó: 10, 8.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, a tún wo aago fún wọn. Láti 4, wọ́n dé 9. Kò tíì pé 12. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, a béèrè ẹni tí yóò wá kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó. Ìyá gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n dìde lórí bẹ́ǹṣì kúkúrú náà, ẹnikẹ́ni kò sì fà wọ́n. Wọ́n rìn wá síwájú, wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì kọ BẸ́ǸṢÌ. Wọ́n gbàgbé àmì tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà kejì. A tún un ṣe.

IṢẸ́ ILÉ

1. Ẹ ṣe ìdánwò àga. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ òní àti iye tí ẹ ṣe.
2. Kẹ́gì méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan. Lítà mẹ́ta omi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò mélòó ni, láìka ọ̀pá?
3. Kí ló dé tí rọ́bà fi dára ju irin lọ fún fífà nǹkan sí àyà? Ẹ kọ gbólóhùn méjì.
4. Ẹ ṣí ojú ìwé mẹ́rin nínú ìwé kékeré yín fún oṣù yìí, ojú ìwé kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kò ṣe pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀. Ẹ mú un wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ti gbé bẹ́ǹṣì gíga wá sí kíláàsì báyìí. Èyí kúkúrú ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò.